Mánéèjì

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan, ní Ṣágámù, ni Tíṣà Ọ̀ṣínúbi
fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ kan gàdàgbà sára bọ́ọ̀dù.
Ó ní ta ló lè túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá fún òun.
Mo nawọ́. Èmi tí kì í nawọ́.
Mo ní, "Mánéèjì ni pé kéèyàn mu gààrí láìsí ṣúgà,
kó sì dúpẹ́."
Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí ewúrẹ́ abẹ́ fèrèsé fi sá.

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó kọ tiẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà:
darí, ṣàkóso, bójú tó, tukọ̀.
Ó ní iṣẹ́ tí máníjà ń ṣe nìyẹn.
A dà á kọ. Mo sì ń rò ó títí mo fi délé,
torí mo mọ máníjà kan, ti iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì,
Ọ̀gbẹ́ni Ṣókẹ́yẹ, tí gíláàsì mọ́tò ẹ̀ kì í ṣí,
tí eruku tó bo gbogbo páànù àdúgbò wa
kì í bà lé kọ́là ẹ̀.
Bàbá mi ló ń bá a gbé eruku tiẹ̀ wálé,
nínú irun imú, nínú ìpéǹpéjú,
nínú ikọ́ tí kì í jẹ́ kí ògiri sùn.

Nílé, ìyá mi Efúnyẹmí ń se ìkọ́kọrẹ́.
Ewùrà kan, ẹja kan, ẹnu méje.
Ó gé ẹja náà bí ẹni ń pín ogún:
orí fún bàbá mi, nítorí ikọ́,
ìrù fún àbíkẹ́yìn, kó má baà ké.
Tirẹ̀, ó lá ojú ọ̀bẹ.
Ó gbé àwo síwájú wa.
"Ẹ mánéèjì ẹ̀."

Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà nìyẹn?
Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kó àwọn ìbátan ẹ̀ jọ.
Bàtà fún ọ, ọdún sì ku ọ̀la: fi ṣe é.
Epo sítóòfù ku ìwọ̀n ìka kan: ṣọ́ ọ lò.
Ayálégbé mẹ́rin, balùwẹ̀ kan: fara mọ́ ọn.
Ọkọ ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀: rọ́jú.
(Èyí, mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Mo mọ obìnrin méjì
tí wọ́n rọ́jú dé ibojì.)
Bí wọ́n bá sì bi ọ́ pé báwo ni,
tí o ò fẹ́ parọ́,
tí o ò sì fẹ́ sunkún lójú títì Akárìgbò:
"A ń mánéèjì ẹ̀."
Òyìnbó tó ni ín kò ní dá a mọ̀ mọ́,
bí ọmọ tí wọ́n rán lọ bá ìyá àgbà
tó padà dé pẹ̀lú ilà lójú.

Nígbà tí báńkì fi mí ṣe máníjà ní Ìjẹ̀bú-Òde,
tí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn,
mo lọ mú ìyá mi wá wò ó.
Ó fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń ka owó àjọ.
"Kí ni wọ́n kọ?"
Mo sọ fún un.
Ó wo kápẹ́ẹ̀tì. Ó wo ẹ̀rọ tó ń fẹ́ òtútù.
Ó wo ọmọkùnrin tó gbé tíì wá, tó sì dọ̀bálẹ̀.
"Kí lo wá ń mánéèjì níbí?"

Kò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó fẹ́ mọ̀ ni.
Mo la ẹnu. Darí. Ṣàkóso.
Kò sí èyí tó jáde.

Ó jókòó sórí àga mi, àga tó ń yí,
ó fẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ó yí lẹ́ẹ̀kan,
gèlè ẹ̀ yẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdébìnrin.
Lẹ́yìn náà ó dìde, ó tún ìró ró,
ó yọ gààrí nínú báàgì,
ti Ìjẹ̀bú, èyí tó kan dáadáa,
ó gbé e lé orí fáìlì mi.
"Kò pọ̀," ó ní, kò sì parí ọ̀rọ̀.

Mo jáde lọ wá omi tútù.